Ohun Tí Ó Tọ́ sí Yín Lọ́dọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀: Ìwé Ìlàlóye fún Ará Àdúgbò àti Oníṣòwò

Bí gọ́tà bá dí, tí iná òpópónà kú, tí ààtàn ń ga sí i lẹ́yìn ọjà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Ìjọba wo? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ìjọba àpapọ̀ wà, ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ìjọba ìbílẹ̀ náà wà, olúkúlùkù ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú òfin. Ẹni tó ń fi ẹjọ́ gọ́tà àdúgbò sun gómìnà lórí rédíò, nígbà tí káńsù kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀, ń fi ojúmọ́ ṣòfò ni.

Àwọn tó ń gbé ìlú tí kì í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ la kọ ìwé yìí fún: Ìsẹ́yìn, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìkìrun, Ìkàrẹ́, Ọ̀fà àti irú wọn. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ a mọ ilé alága, a mọ bàbá tó bí kánsẹ́lọ̀, a jọ ń pàdé níbi ìnáwó. Mímọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ọ̀rọ̀ tí a bá alága sọ níbi ìsìnkú, orí ìjókòó ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Èyí tí a kọ sílẹ̀, tí káńsù fi òǹtẹ̀ gbà, tí àdúgbò sì ń lọ béèrè rẹ̀ lóòrèkóòrè, òun ló ń di iṣẹ́.

Iṣẹ́ tí òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, tí a bá ka àwọn mẹ́fà tó wà ní agbègbè Abùjá mọ́ ọn. Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun 30, Ògùn 20, Èkó 20, Oǹdó 18, Èkìtì 16, Kwara 16. Apá keje ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ni yóò máa darí wọn. Àfikún Kẹrin ìwé òfin kan náà ló to iṣẹ́ wọn sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì kan ilé gbogbo wa. Ọjà àti gáréèjì, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ fún gbogbogbòò, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, gọ́tà, iná òpópónà, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Bíbójútó ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibi títa ọtí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera, káńsù àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló jọ ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú jù. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tó gba ìlú kọjá ni ti káńsù. Ọ̀nà ńlá tó so ìlú mọ́ ìlú sábà máa ń jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sí Iléṣà, fún àpẹẹrẹ, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òpópónà inú àdúgbò, èyí tó ya láti ojú títì wọ àárín ilé, òun ni ti káńsù. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan nípa ọ̀nà, ẹ yà sí ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní káńsù, kí ẹ béèrè ta ló ni ín. Ìbéèrè yìí kò gba owó, ó sì lè gba yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ìdúró lásán. Ti ìdọ̀tí náà rí bẹ́ẹ̀: àwọn ìpínlẹ̀ kan ti dá àjọ tiwọn sílẹ̀ tó ń kó o, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni.

Owó tó ń wọlé fún káńsù

Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ń pín láti inú àpò àpapọ̀ lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò àjùmọ̀ní tó wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó yìí ń gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ alága ti máa ń sọ pé ó ń há. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó ìjọba ìbílẹ̀ dúró, pé tààrà ló yẹ kí a máa san án fún káńsù, àti pé káńsù tí a kò dìbò yàn kò gbọdọ̀ rí gbà nínú rẹ̀.

Ìdájọ́ yẹn kò ṣàì yí ojúṣe tiwa náà padà. Bí owó bá ti ń bọ̀ sọ́wọ́ káńsù tààrà, àwíjàre pé àwọn ará òkè ló jẹ ẹ́ kò tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Ó tọ́ kí ará ìlú mọ ohun tó wọlé àti ohun tí wọ́n ná an lé lórí. Ètò ìṣúná ọdún kan kì í ṣe ìwé àṣírí. Oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tí àdúgbò bá mú wá ní oṣù kejìlá ti pẹ́ jù. Kí òjò àrọ̀kúrò tó dáwọ́ dúró ni kí ẹ ti fi tiyín sílẹ̀.

Fún àwọn oníṣòwò: owó wo ni káńsù lè gbà?

Ìyá tó ń ta ata kò gbọdọ̀ máa sá fún gbogbo ẹni tó bá gbé ìwé tíkẹ́ẹ̀tì dání, kò sì gbọdọ̀ máa san fún gbogbo wọn. Òfin kan tó jáde ní ọdún 1998 ṣe àkọsílẹ̀ owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Lára èyí tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù àti kíọ́ọ̀sì, owó ilé, owó ọjà, owó gáréèjì, owó ilé ìpẹran, owó ìwé àṣẹ ọtí títa, owó pátákó ìpolówó, àti owó tí a ń san bí a bá fẹ́ dí òpópónà nítorí ìnáwó. Ọjà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi owó kọ́ yàtọ̀; káńsù kò lè gba owó ọjà níbẹ̀. Òfin kan náà ka dídí ojú ọ̀nà nítorí gbígba owó orí léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba.

Bí agbowó bá dé ìsọ̀ yín, ẹ ní kó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo rìsíìtì rẹ̀ dáadáa. Orúkọ káńsù gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀ ní títẹ̀, kì í ṣe kíkọ lọ́wọ́. Ó gbọdọ̀ ní nọ́ńbà, iye owó, ọjọ́, àti ohun tí owó náà wà fún. Bí ohun tí wọ́n kọ bá jẹ́ "àtìlẹ́yìn" tàbí "ìdàgbàsókè" láìsí àlàyé kankan, ẹ má san án. Ẹ kọ orúkọ agbowó náà sílẹ̀, kí ìyálọ́jà gbé e dé ọ̀dọ̀ akápò káńsù. Bí ó bá ṣeé ṣe, inú báńkì ni kí ẹ ti san owó tó bá pọ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì káńsù lé e. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ọdún kan pọ̀ sójú kan, kódà kó jẹ́ inú ike mílíìkì. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ìwé àkọ́kọ́ ti bá ata gbéra.

Àwọn wolé-wolé náà ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilé oúnjẹ àti ilé ìpẹran yín. Ẹ má ṣe rí wọn bí ọ̀tá. Bí wọ́n bá bá àléébù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò padà wá. Owó ìtanràn tí a san láìsí ìwé, àpò ẹnìkan ló wọ̀.

Ẹgbẹ́ àdúgbò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Ẹnìkan ṣoṣo lè pariwo, àmọ́ ẹgbẹ́ ni káńsù ń bá jókòó. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní CDA, kì í ṣe ti àwọn onílé nìkan. Ayálégbé, ọ̀dọ́, obìnrin tó ń ṣòwò, aláàbọ̀ ara, gbogbo wọn ló ń gbé ibẹ̀. Níbi tí àwọn onílé nìkan ti ń pàdé, ọ̀rọ̀ géètì àti ọdẹ ló sábà máa ń gba ìpàdé, tí a kò ní mẹ́nu ba omi ẹ̀rọ tí ayálégbé ń rìn jìnnà lọ pọn. A rọ̀ yín, ẹ ṣílẹ̀kùn.

Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú ní káńsù yín. Ẹ ní alága, akọ̀wé àti akápò. Kí ẹni méjì ó kéré tán máa fọwọ́ sí ìwé báńkì. Kí a máa ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ìpàdé. Ẹgbẹ́ tí a kò ti ka ìṣirò owó rí, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó máa jó rẹ̀yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìjẹ̀bú-Òde fi hàn wá bí ìlú ṣe lè gbé ara rẹ̀ ró láìdúró de ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà tí a ń rí tí wọ́n ń yan fanda níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba, tún gbérí, iṣẹ́ wọn kò sì mọ sórí aṣọ àti ẹṣin. Wọ́n ń dáwó jọ ṣe iṣẹ́ ìlú. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìlú náà pe ara rẹ̀ jọ láti wo ìṣẹ́ tó ń bá wọn jà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ sì wà lára àwọn tó ṣáájú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ń yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó láti fi ṣe iṣẹ́ àti òwò. Ohun tó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ jókòó béèrè lọ́wọ́ onírúurú ènìyàn ìlú ohun tó ń dùn wọ́n kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀.

Lẹ́tà tí káńsù yóò kà

Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó gùn, tó kún fún oríkì alága, kì í ṣiṣẹ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín rọ́pò:

*Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, nípasẹ̀ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa.*

*Ẹ̀bẹ̀ fún àtúnṣe gọ́tà òpópónà Mọ́ṣáláṣí. Gọ́tà apá ọ̀tún òpópónà yìí ti wó láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé iwájú ọjà. A wọ̀n ọ́n: mítà 60 ni. Bí òjò bá rọ̀, omi ń wọ ṣọ́ọ̀bù méje, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. A ti kó iyanrìn inú rẹ̀ jáde. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. A ń bẹ̀ yín kí ẹ rán òṣìṣẹ́ iṣẹ́ òde wá wò ó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò gbẹ́ ilẹ̀ bí káńsù bá pèsè bíríkì, sìmẹ́ǹtì àti kọ́lékọ́lé. Akọ̀wé wa ni kí ẹ kàn sí. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ rèé.*

Ohun kan ṣoṣo ni lẹ́tà yìí béèrè. Ó sọ ibi tí ó wà, ó sọ bí ó ṣe gùn tó, ó sọ àwọn tí ìyà ń jẹ, ó sì sọ ohun tí àdúgbò yóò fi sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá gbà á lè ṣírò iye owó rẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì, kí ẹ mú un padà sílé. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí yín.

Bí wọn kò bá dá yín lóhùn

Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yín. Ẹ bá kánsẹ́lọ̀ yín sọ ọ́ kó gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí nǹkan kan, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iye tí wọ́n gbé e jáde, ẹni tí wọ́n gbé e fún àti ìgbà tí yóò parí. Ẹ kò nílò láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè gba ẹnu ẹlòmíràn béèrè; bí ó bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, òṣìṣẹ́ tó gbà á lẹ́nu rẹ̀ ló gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ náà, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Kì í ṣe ohun gbogbo ló ń gba lẹ́tà sí káńsù. Ti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìgbìmọ̀ ará wọ́ọ̀dù ló yẹ kó máa bá nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ jókòó lórí oògùn, omi àti iná. Ẹ béèrè bóyá ìgbìmọ̀ náà wà. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀, kí àwọn abiyamọ sì wà níbẹ̀.

Ẹ mú ìwé yìí dání lọ sí ìpàdé àdúgbò yín tó ń bọ̀. Ẹ kà á sókè fún àwọn tí kò lè kà á, ẹ yan iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń dun gbogbo yín, kí akọ̀wé sì kọ lẹ́tà rẹ̀ kí ìpàdé tó túká.