Ère Ìbejì àti Pẹpẹ Orí Ààrò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun a ní là ń náání. Ìran kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti náání ohun iyebíye. Nínú àwọn ilé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù pọ̀ sí, inú pálọ̀ ni ààrò iná máa ń wà. Lókè ààrò náà ni pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bẹ, tí wọ́n ń gbé aago àti àwòrán ẹbí sí, kí àlejò lè rí wọn.

Lára ohun tí àwọn tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ lókè òkun ń tò sórí irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ ni ère ìbejì wa. Ohun tó ń wu ọ̀pọ̀ wọn lára rẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, tó ń dán. Ṣùgbọ́n kí ló pa ojú náà rẹ́? Ọwọ́ ìyá ni.

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a bi Ifá léèrè. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọn a ké sí agbẹ́gilére. Ère náà kì í sábà ga ju ínǹṣì 12 lọ, síbẹ̀ bí àgbàlagbà ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, tòun ti ilà ojú. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fún un lóúnjẹ, a sì máa há a mọ́ ìró. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ọkàn kan náà ni ẹ̀jìrẹ́ jọ ní; bí a kò bá tọ́jú èyí tó lọ, ó lè pe èyí tó kù. Ọmọ ni wọ́n ka ère sí, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì àti Ìsìláàmù gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé dẹ́kun gbígbẹ́ ère, ṣùgbọ́n èrò náà kò parun. Nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1978, Stephen Sprague ṣàlàyé bí àwọn ayafọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ṣe ń tẹ àwòrán ọmọ tó kù lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan ṣoṣo, kí ìbejì lè tún jókòó pọ̀.

Láti 1953 ni òfin Nàìjíríà ti ka kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgbàṣẹ léèwọ̀. Síbẹ̀, ère púpọ̀ ti lọ, orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n dúró fún kò sì bá wọn lọ. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ṣì wà nílé yín, ẹ tètè bi àwọn ìyá àgbà: ọmọ ta ni, Táyé ni àbí Kẹ́hìndé? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.