Ààlè Orílẹ̀-Èdè: Nígbà tí Ohun Gbígbó Bá Di Iṣẹ́ Ọnà

Àsíá, owó àti òǹtẹ̀ ìjọba jẹ́ àmì tí a fi ń dá orílẹ̀-èdè mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọ́n a máa dán gbinrin. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òòrùn a pa àsíá láwọ̀ dà, ọwọ́ a sì sọ owó di jákujàku. Lóde òní, àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ń ṣa irú ohun gbígbó bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ń fi wọ́n ṣe ère láti bá àwọn aláṣẹ wí. Àwọn kan ní ìwà àfojúdi ni; àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ààlè yóò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá.

Kí ni ààlè?

Ààlè ni àmì tí olóhun máa ń fi sára ohun ìní rẹ̀ kí olè má baà fọwọ́ kàn án. Ní Ìpẹru àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ, a lè fi í sára igi obì, igi ọsàn tàbí ìdì igi ìdáná tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Kì í ṣe ohun olówó ńlá ni a fi ń pa ààlè. Àkísà ni, bàtà tí ó ti lu, ṣúkù àgbàdo, tàbí ìgbálẹ̀ tí ó ti jẹ tán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń sọ. Bí a ti yin àgbàdo kúrò lára ṣúkù, bẹ́ẹ̀ ni ire yóò kúrò lára olè. Bí a ti lo bàtà gbó tí a sì sọ ọ́ nù, bẹ́ẹ̀ ni olè yóò di ẹni ìsọnù láwùjọ.

Ẹ má ṣe pa ààlè pọ̀ mọ́ àrokò. Ẹnìkan pàtó ni a ń fi àrokò ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá ni ààlè ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan tún ṣe pàtàkì: olóko ni ó ń pa ààlè, kì í ṣe àlejò.

Owó tí kò ra nǹkan mọ́

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé tì wá. Kútọnu ni a ti bí Meschac Gaba ní ọdún 1961. Ó kó owó bébà tí a kò ná mọ́, tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, ó sì ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà. Àwọn ará Benin mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì: 50 CFA ni ó ń ra fránkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Owó tí ó ra odidi iṣu lánàá lè má ra ju ààbọ̀ lọ lónìí. Ta ni ó fún bébà náà ní iyì? Ta ni ó sì gba iyì náà lọ́wọ́ rẹ̀? Láàrin ọdún 1997 sí 2002, Gaba ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé oníyàrá 12 tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣàfihàn ní Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2013.

Kẹ́ẹ̀gì àwọn onífàyàwọ́

Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1962, kò lo àsíá tàbí owó. Kẹ́ẹ̀gì gbígbó tí wọ́n fi ń ṣe fàyàwọ́ epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà ni ó sọ di ojú ènìyàn. Ọrọ̀ tí a fi ń dá Nàìjíríà mọ̀ kárí ayé ni epo yìí. Àwọn onífàyàwọ́ a máa fi iná wú kẹ́ẹ̀gì kí ó lè gba epo púpọ̀ sí i, títí yóò fi bẹ́. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, La Bouche du Roi, ó to kẹ́ẹ̀gì 304 bí wọ́n ti to àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́. British Museum ṣàfihàn rẹ̀ ní 2007, nígbà tí ó pé 200 ọdún tí Bìrìtìkó fi òfin de òwò ẹrú. Ẹni tí ó bá wò ó yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìlò ènìyàn bí kẹ́ẹ̀gì ti dópin.

Àsíá tiwa ńkọ́?

Táíwò Akínkùnmí, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1936 tí ó sì kú ní 2023, ni ó ya àsíá Nàìjíríà. Àwọ̀ ewé dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀, funfun dúró fún àlàáfíà. Òfin kò fàyè gba kí a ta àsíá tí ó ti bàjẹ́ sókè. Bákan náà, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka títẹ náírà mọ́lẹ̀ tàbí bíbà á jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe fa àsíá tàbí owó ya.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká yín. Ní ọgbà ilé-ìwé àti ọ́fíìsì kan, àwọ̀ ewé ti ṣí tán lára àsíá láìsí pé oníṣẹ́ ọnà kankan fọwọ́ kàn án. Ta ni ó tàbùkù àsíá nígbà náà: ẹni tí ó tọ́ka sí i, tàbí ẹni tí ó fi í sílẹ̀ kí ó gbó? Bí a bá pààrọ̀ aṣọ, tí ebi ṣì ń pa àgbẹ̀, tí àlàáfíà kò sì sí lójú ọ̀nà, àwọ̀ tuntun náà kò ní pẹ́ ṣí.

Ìdí nìyí tí a fi lè pe irú ère wọ̀nyí ní ààlè. Ará ìlú ni olóko. Àwọn aláṣẹ ni wọ́n ń kọjá lẹ́bàá oko. Ẹni tí ó pa ààlè kò kórìíra oko rẹ̀. Nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ṣe wá àkísà kọ́ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ààlè àti àrokò?
2. Dárúkọ ohun gbígbó mẹ́ta tí a fi ń pa ààlè, kí o sì sọ ìtumọ̀ méjì nínú wọn.
3. Bi àgbà kan nílé yín léèrè irú ààlè tí ó mọ̀, kí o sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀.