ÒKÚTA TÍ KÒ LÈ DÁHÙN
Ọ̀rọ̀ lórí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Àwọn Ìlú Kékeré

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la odò Jọ́dánì kọjá, Jóṣúà pàṣẹ kí a gbé òkúta méjìlá láti inú odò náà, a sì tò wọ́n jọ ní Gílígálì. Kì í ṣe nítorí ẹwà àwọn òkúta náà ni. A tò wọ́n kí ọmọ tí a kò tí ì bí lè bi baba rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀, kí baba náà sì rí èsì fún un. Nǹkan méjì ni ó ń bẹ nínú ọ̀ràn yìí: òkúta tí ojú ń rí, àti èsì tí etí ń gbọ́. Bí èkejì bá sọnù, èkíní kò ju ohun tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà lọ.

Lórí nǹkan méjì yìí ni a ó dúró lónìí, bí a ti ń ṣàlàyé ohun tí í jẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní mùsíọ̀mù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé ìlú ńlá nìkan ni irú ilé bẹ́ẹ̀ yẹ, pé kò lè sí ní ìlú tí ó kéré bí Agbówà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kọ́kọ́ ṣí ní gbogbo Nàìjíríà kò sí ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ìbàdàn. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Èsìẹ́ ni ó wà.

ÈKÍNÍ: ÀWỌN ÈRE ÈSÌẸ́

Èsìẹ́ jẹ́ ìlú àwọn Ìgbómìnà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Nínú igbó kan lẹ́bàá ìlú náà ni a ti bá àwọn ère òkúta tí iye wọn ju ẹgbẹ̀rún lọ. Òkúta rírọ̀ tí irin lè gbẹ́ ni a fi ṣe wọ́n. Òmíràn kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èyí tí ó ga jù lọ sì ju mítà kan lọ díẹ̀. Ọkùnrin ń bẹ nínú wọn, obìnrin sì ń bẹ. Ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí. A di irun wọn sókè ní àrà oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ilà lójú, àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. Orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti kán kúrò lọ́rùn.

Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n wá sí Èsìẹ́ tí a sì sọ wọ́n di òkúta. Ní ọdún 1933, Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., ròyìn àwọn ère náà fún àwọn ará òde. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ènìyàn ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ wa ni. Ní ọdún 1945 a ṣí ilé fún wọn ní Èsìẹ́ níbẹ̀ gan-an, a kò kó wọn lọ sí olú-ìlú. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ yẹ amọ̀ sísun tí a bá láàrin wọn wò, wọ́n sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1100.

Ṣùgbọ́n ta ni ó gbẹ́ wọn? Àwọn ta ni ère wọ̀nyí dúró fún? Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. A lè ka ìdì irun orí wọn, a lè ka ilà ojú wọn, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnìkan nínú wọn. Ó ju ẹgbẹ̀rún ojú lọ tí ń wo àlejò, kò sì sí ẹnu kan tí ó lè fọhùn. Àwọn òkúta Gílígálì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rin wọn, síbẹ̀ a mọ ìdí wọn títí di òní, nítorí pé a kọ ọ́ sínú ìwé.

ÈKEJÌ: IFẸ̀ ÀTI ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ní ọdún 1938, àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ṣe alábàápàdé àwọn orí tí a fi idẹ rọ, tí ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò tí ì sí ní Ifẹ̀ nígbà náà. Méjì nínú àwọn orí náà ré kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ọdún 1950 ni wọ́n tó padà wá. Ní ọdún 1954 ni a ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀. Ohun tí kò ní ilé nílé, ilé onílé ni yóò wọ̀.

Àgbádárìgì wà létí ọ̀sà gẹ́gẹ́ bí Agbówà ti wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn C.M.S. parí ní ọdún 1845 ṣì dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn ni a fẹ́ kí ẹ wò. Ìdílé Mobee jẹ́ ìdílé ìjòyè tí àwọn baba ńlá wọn bá àwọn Òyìnbó ṣòwò ẹrú. Àwọn ọmọ wọn kò ri àwọn ẹ̀wọ̀n náà mọ́lẹ̀. Wọ́n pa wọ́n mọ́ sínú agboolé, ẹnikẹ́ni sì lè wọlé wò wọ́n. Ìwọ̀n irin náà lọ́wọ́ ń kọ́ ènìyàn ní ohun tí ìwàásù gígùn kò lè kọ́ ọ. Ìlú tí ó bá ń fi ohun ògo nìkan hàn ń yin ara rẹ̀ ni, kò tí ì sọ ìtàn.

Ọ̀ràn yìí sì kàn wá. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ sá wá nígbà tí a lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní ọdún 1851. Ẹ̀pẹ́ náà ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1892 kí wọ́n tó bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn. Ọjà Èjìnrìn, aládùúgbò Agbówà, ni àwọn oníṣòwò Èkó àti ti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Yàrà Erédò tí à ń pè ní ti Sùngbọ́ gùn ju ọgọ́jọ kìlómítà lọ. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀.

Ẹ̀KẸTA: OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA LÁTI ṢE

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní ìjọ kan tí a ti sìn rí létí ọ̀sà, a sin bàbá àgbà kan tí ó ti bá ìyá rẹ̀ tukọ̀ lọ sí ọjà Èjìnrìn nígbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé àjẹ̀ rẹ̀ wá fún wa. A fi ọ̀bẹ fín ìlà wẹ́wẹ́ sára ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ju ọgbọ̀n lọ. Ọmọ kan ní iye ìrìn àjò rẹ̀ ni; òmíràn ní gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ ni. Ọdún mẹ́fà ni àwa fi ń bẹ bàbá yìí wò, tí a ń gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, àjẹ̀ náà sì gbé ara ti ògiri lẹ́yìn àga wa. A kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A kò mọ ìgbà tí èsì ti ère Èsìẹ́ sọnù. Ti àjẹ̀ yìí sọnù ní ọjọ́ kan.

Nítorí náà, bí ìlú bí Agbówà bá fẹ́ dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, kì í ṣe ilé ni kí a kọ́kọ́ kọ́, bíkòṣe ìwé. Kí a mú ìwé ńlá kan. Bí a bá mú ìgèrè wá, tàbí àwọ̀n, tàbí ẹní, tàbí agogo ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn àgbà ìlú ti ń pè é. Ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó lò ó, àti bí ó ti lò ó. Ẹni tí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ẹni méjì bá sọ ìtàn méjì, kí a kọ méjèèjì. Kí a fún ẹni tí ó ni ín ní ìwé ẹ̀rí, kí a sì ya nǹkan náà ní fọ́tò, nítorí pé olè ń jà ní irú ilé wọ̀nyí, ohun tí kò sì ní àwòrán ṣòro láti gbà padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ère kèfèrí ni a fẹ́ gbé ga, kí ó rántí pé kíkọ orúkọ ohun kan sílẹ̀ yàtọ̀ sí kíkúnlẹ̀ fún un. Ẹni tí kò mọ ibi tí a ti mú òun wá, báwo ni yóò ti dúpẹ́?

Àwa tí a mọ ìwé ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká. Kí ẹ̀yin ará padà sílé, kí ẹ wo inú yàrá ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ tọ́ka sí ohun kan tí ó gbé ara ti ògiri, kí ẹ sì béèrè. Kí ẹ mú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Kí Olúwa jẹ́ kí a bá wọn láàyè.