Ìka Tí A Fi Ń Dìbò

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo dé ẹnu géètì ilé ìkàwé ìjọba kan ní ẹ̀yìn ìgboro Ìbàdàn. Mo bá ọ̀dọ́ mẹ́rìnlá lórí ìlà. Eruku pupa ti bo bàtà wọn; àwọn kan gbá ìwé ìdánwò JAMB tó ti ya létí mọ́yà, àwọn kan ń jẹ àkàrà gbígbóná nínú bébà, òórùn epo rẹ̀ ń ta sánsán. Kò sẹ́ni tó ń pariwo.

Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Òórùn ìwé àtijọ́ ló kọ́kọ́ pàdé wa, ó dàpọ̀ mọ́ òórùn àdán tó ń gbé inú àjà. Páànù apá kan ti dípẹtà débi pé wọ́n fi tapólínì bo pẹpẹ ìwé ìtàn, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sì jókòó sábẹ́ ibi tó ń jò. Kò sí iná. Ẹ̀bá fèrèsé ni gbogbo àwọn ọ̀dọ́ náà sáré lọ.

Rẹ́jísítà kan wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá wọlé á kọ orúkọ, iṣẹ́ àti aago tó dé.

"N kì í fo ọjọ́ kankan," obìnrin náà wí fún mi. "Bí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bá ní èèyàn kì í wá, èyí ni màá ṣí sílẹ̀ fún wọn."

Ó fi ọ̀rá wé e, ó gbé e há abíyá. Ọjà la ń lọ.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, oòrùn ti ń ta ni lórí. Bí a ti yà sí ìsọ̀ àwọn aláta, ariwo ẹ̀rọ alọta, fèrè ọ̀kadà àti òórùn irú pẹ̀lú ẹja gbígbẹ rọ́ lù wá lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣáájú, ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ tún ilé ìkàwé náà ṣe ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdébìnrin méjì gbé tàdáwà tẹ̀ lé e. Kì í kọ́kọ́ mú ìwé jáde. Á kí èèyàn, á bèèrè ọmọ, á bèèrè ibi tí ọmọ ti ń kàwé bí iná bá lọ. Ìgbà yẹn ni ìwé tó jáde.

Ìyá onírú kan fi etí ìró nu ọwọ́. "Bàbá Tíṣà, èmi ò mọ̀wé o."

"Ẹ ó kàn tẹ̀ka ni, Ìyá. Ìka tí ẹ fi ń dìbò náà ni."

Ìyá náà wo tàdáwà fún ìgbà díẹ̀. "Ọmọ mi obìnrin kì í kúrò níbẹ̀. Èmi ò wọ ibẹ̀ rí. Ẹ gbé e wá." Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ bébà títí àmì rẹ̀ fi hàn gedegbe. Àwọn aláta na ọrùn wò ó, wọ́n sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé mẹ́fà kún. Ata ta sí méjì lára wọn.

Mo ti rí ilé ìkàwé tó kú láìsí ẹni tó sunkún, torí àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn.

A ò tó ogójì nígbà tí a kúrò lọ́jà, tí a forí lé ọgbà ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílé àdúgbò dara pọ̀ mọ́ wa, àwọn télọ̀ kó ọmọ iṣẹ́ wọn tẹ̀ lé wa, ọlọ́kadà mẹ́ta ń fọn fèrè níwájú, títí ẹni tó wà lẹ́yìn kò fi rí ẹni tó wà níwájú mọ́ nínú eruku. Kò sẹ́ni tó gbé àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú. Bàbá Tíṣà ti kìlọ̀ rẹ̀.

Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù pàdé wa lábẹ́ igi máńgòrò ọgbà náà. Ó ní kò sówó.

Bàbá Tíṣà kò bá a jiyàn. Nǹkan mẹ́ta ló kà jáde. Ní 1953, Ìbàdàn yìí kan náà ni àjọ UNESCO ti ṣe ìpàdé lórí bí ilé ìkàwé gbogboogbò yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Àfikún kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ àgbà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn.

"Èèyàn mélòó ló tiẹ̀ ń lọ síbẹ̀?" káńsẹ́lọ̀ bèèrè.

Obìnrin ilé ìkàwé tú ọ̀rá. Káńsẹ́lọ̀ gba rẹ́jísítà, ó ń ṣí i, ó ń fi ìka tọ orúkọ lọ sísàlẹ̀. Ó dúró lórí ọ̀kan.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí."

Gbogbo wa dákẹ́. Ó ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ páànù dé ìjókòó wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá Tíṣà ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó buwọ́ lù ú.

Ìyá onírú bá wa padà sí ilé ìkàwé. Ó fẹ́ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó wọlé bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ó dorí kodò sínú ìwé. Ìyá dúró, ó ń wò ó. Kò pè é.

Obìnrin ilé ìkàwé bá a kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà. Iṣẹ́: onírú. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá tẹ̀ka síwájú rẹ̀.

Mo kọ tèmi sí ìlà tó tẹ̀ lé e.