Ibi Tí Ẹnìkejì Rẹ Ń Bọ̀ Ni Kí O Ju Bọ́ọ̀lù Sí

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá kan tí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ní Ọpẹ́bí, ní Ìkẹjà.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tú jáde láti Ìkẹjà títí dé Agége, ọkọ̀ a máa tò lọ gbọọrọ ní òpópó Ọpẹ́bí. Àwọn tí ń kiri omi inú ọ̀rá àti ìpékeré a sì wà láàárín ọkọ̀. Ẹ wo ọmọkùnrin kan tí èrò inú dánfó pè. Kí ó tó yọ omi tán, ọkọ̀ ti ṣí. Ó sáré tẹ̀ lé e, ó sì ju omi náà. Níbo ni ó jù ú sí? Bí ó bá jù ú sí ibi tí ojú rẹ̀ ti rí fèrèsé, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni omi yóò bọ́ sí, yóò sì fọ́ sójú títì. Iwájú fèrèsé ni ó jù ú sí, níbi tí fèrèsé kò tíì dé. Omi àti fèrèsé bá pàdé, èrò ọkọ̀ sì hán an.

N kò ní kí ọmọ kankan máa sá tẹ̀ lé ọkọ̀ o. Ewu ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ọmọ náà lò ni ìpìlẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òun náà ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Amẹ́ríkà ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn eléré wọn nínú bọ́ọ̀lù tiwọn.

Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe irú èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ó rí gbọọrọ, ó sì ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí, bí èso kòkó. Ènìyàn 11 ni ó máa ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Pápá náà gùn ní 100 yáàdì láti ilà góòlù kan dé èkejì. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní àǹfààní ìgbà 4 láti sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, a tún fún wọn ní ìgbà 4 mìíràn. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹnì kan lè gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà kí ó sá lọ, tàbí kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn kí ó jù ú sí ẹlòmíràn tí ó ti sá síwájú. Ẹni tí ń jù ú ni wọ́n ń pè ní quarterback. Ajubọ́ọ̀lù ni àwa yóò máa pè é. Ẹni tí ń gbà á mú lófuurufú, a ó pè é ní ahánbọ́ọ̀lù.

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin ti gbà kí a ju bọ́ọ̀lù síwájú. Kí ó tó di ọdún 1906, ìkọlura àti ìtira-ẹni ni ó pọ̀ jù nínú eré náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń kú sórí pápá. Ní 1905, Theodore Roosevelt, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ránṣẹ́ pe àwọn aṣojú ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan láti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún kejì, òfin tuntun gbà kí a máa ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1906, Bradbury Robinson, ọmọ ẹgbẹ́ Yunifásítì Saint Louis, ju èyí tí a kà sí àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ó hán an. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, òfin ìgbà náà sì ni pé kí a gbé e fún ẹgbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n wọn kò torí èyí jáwọ́. Nínú eré kan náà, Robinson tún jù ú, Jack Schneider hán an, wọ́n sì jẹ góòlù. Eddie Cochems ni orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Ẹnì kan tí ó wá sọ jíju bọ́ọ̀lù di ẹ̀kọ́ tí a ń ṣírò ni Bill Walsh. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Cincinnati, wọ́n sì ní ajubọ́ọ̀lù kan, Virgil Carter, tí apá rẹ̀ kò lágbára tó láti ju bọ́ọ̀lù jìnnà. Kí ni kí Walsh ṣe? Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Walsh fi ẹ̀sọ̀ mú un. Ó ṣètò kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí ìtòsí, kí ó tètè kúrò lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù, kí ẹni tí ó hán an sì sá a lọ síwájú. Nígbà tí ó di olórí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá San Francisco, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ ní eré ọdún 1981, ti 1984 àti ti 1988.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ẹsẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Bí a bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí ìtòsí, ajubọ́ọ̀lù yóò gbé ìgbésẹ̀ 3 sẹ́yìn. Bí ó bá jìnnà díẹ̀, ìgbésẹ̀ 5. Bí ó bá jìnnà púpọ̀, ìgbésẹ̀ 7. Bí ìgbésẹ̀ ìkẹyìn bá ti balẹ̀, ó yẹ kí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ahánbọ́ọ̀lù náà ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń kà. Wọ́n ti bá a ṣe àdéhùn ibi tí yóò ti yà: bóyá sí ọ̀tún, bóyá sí òsì, bóyá kí ó dúró lójijì kí ó sì yíjú padà. Nígbà púpọ̀, bọ́ọ̀lù ti wà lófuurufú kí ó tó yíjú rárá. Ojú ilẹ̀ òfìfo ni ajubọ́ọ̀lù ju bọ́ọ̀lù sí, nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹnìkejì òun yóò dé ibẹ̀.

Ẹ rí i nígbà náà pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bá pẹ́ tàbí tí ó bá yá jù lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ahánbọ́ọ̀lù bá lọ́ra, ẹgbẹ́ kejì ni yóò gba bọ́ọ̀lù náà. Ìdí nìyí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó gbọ́n fi ń mú wọn ṣe é láìsí alátakò ná, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó fi alátakò sí i. Yóò kọ́ ahánbọ́ọ̀lù pé bí bọ́ọ̀lù bá ga, kí àtàǹpàkò méjèèjì sún mọ́ra; bí ó bá wálẹ̀, kí ọmọńdinrín méjèèjì sún mọ́ra; kí ojú má sì kúrò lára bọ́ọ̀lù títí yóò fi dúró lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ yìí ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa ní Ìkẹjà, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń gba fúrídọ̀mù tí òun náà sì ń gba ọmọ iṣẹ́. Mike Holmgren ṣiṣẹ́ lábẹ́ Walsh. Andy Reid ṣiṣẹ́ lábẹ́ Holmgren. Doug Pederson ṣiṣẹ́ lábẹ́ Reid. Lọ́dọ̀ Pederson yìí, ní ìlú Philadelphia, ni ọmọ tí a bí ní Èkó wa níhìn-ín ti pàdé ìdánwò rẹ̀.

Nelson Agholor ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1993, ó sì wà ní kékeré nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Tampa, ní Flọ́rídà. Ó mọ eré sá, ó sì mọ bọ́ọ̀lù hán. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Eagles ti Philadelphia mú un ṣáájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń retí ohun ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kò rí bí wọ́n ti rò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, nígbà tí wọ́n pàdé Seattle, kò dúró sí ibi tí òfin ní kí ó dúró sí, wọ́n sì fagi lé góòlù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Nínú eré yẹn náà, bọ́ọ̀lù kan wá bá a níbi tí alátakò kankan kò sí nítòsí rẹ̀, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé inú orí òun ni ìṣòro náà wà. Nínú eré tí ó tẹ̀ lé e, Pederson kò fi í sí pápá rárá.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni à bá ṣe sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá lé e lọ, tàbí kí a máa pariwo mọ́ ọn. Pederson kò lé e. Ó jẹ́ kí ó sinmi, kí ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì dá a padà sórí pápá. Nígbà tí eré ọdún 2017 fi máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbé e kúrò ní etí pápá wá sí ìtòsí àárín, níbi tí yíyára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúlò jù. Ní eré ọdún 2016, ìgbà 36 ni ó hán bọ́ọ̀lù. Ní ti 2017, ó hán an ní ìgbà 62, ó sì jẹ góòlù 8.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2018, Philadelphia pàdé New England láti du ife-ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ. Nick Foles ni ajubọ́ọ̀lù wọn. Agholor hán bọ́ọ̀lù ní ìgbà 9, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó hán an tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí eré ń lọ sópin, tí New England fi àmì kan ṣoṣo ṣáájú wọn, Foles ò bẹ̀rù láti jù ú sí Agholor, Agholor kò sì jẹ́ kí ó bọ́. Philadelphia fi 41 borí 33. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Agholor wo ẹ̀yìn láti mọ ibi tí ó ti ṣì í, ó sì wo iwájú láti tún un ṣe.

Ẹ lè sọ pé eré yìí le jù fún àwọn ọmọ wa, nítorí ìkọlura tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí a kì í ti ara ẹni ṣubú nínú rẹ̀. Ènìyàn 5 ni ó ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀já aṣọ a sì wà ní ìbàdí eléré. Bí alátakò bá ti fa ọ̀já yẹn já, ẹni náà dúró. Ní ọdún 2023, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí eré ọlọ́jàá yìí wà nínú Òlíḿpíìkì ọdún 2028 ní Los Angeles. Ní tòsí wa níbí, Osi Umenyiora, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹgbẹ́ Giants ti New York, wà lára àwọn tí ó kó àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà jọ fún ìdánrawò ní Accra, ní ilẹ̀ Gánà, ní ọdún 2022.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lè fi bọ́ọ̀lù kékeré yòówù dán an wò lórí pápá ilé-ìwé yín. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnujú kan sílẹ̀ níwájú, ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ 10. Kí ẹnì kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ láti sá lọ síbẹ̀, kí ẹnìkejì di bọ́ọ̀lù mú. Kí ẹnì kẹta máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí a bá ka ení, kí ẹni tí yóò hán an gbéra. Bí a bá ka ẹ̀ta, kí ajubọ́ọ̀lù jù ú sí orí aṣọ náà, kì í ṣe sí ara ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù yóò bọ́. Ẹ má ṣe bú ara yín. Ẹ bi ara yín pé: ta ni ó yá jù, ta ni ó pẹ́ jù? Kí ẹ padà sí ibi tí ẹ ti gbéra, kí ẹ tún kà á.

Ó dìgbà kan ná o.