Ìbátan Efínrín ní Etíkun Kalifọ́níà

Já ewé efínrín kan, kí o rún un lọ́wọ́: òórùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó sá pamọ́. Wo igi rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú. Kò rí roboto, igun mẹ́rin ló ní, ewé sì ń yọ lára rẹ̀ ní méjì méjì, ọ̀kan kọjú sí èkejì. Ẹni tó bá mọ àmì mẹ́ta yìí, kò ní ṣòro fún un láti fura sí ìbátan efínrín nílẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ ní etíkun Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, láti agbègbè Solano lọ sí Orange. Hummingbird sage ni wọ́n ń pè é. Salvia spathacea ni lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Òórùn tirẹ̀ dà bíi ti èso, ewé rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Abẹ́ ibòòji igi óákù ló ti ń hù fúnra rẹ̀.

Òjò ibẹ̀ ni kò bá tiwa mu. Òjò àti òtútù ló jọ ń rìn lọ́dọ̀ wọn, láti nǹkan bí Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta. Bí ooru bá dé, ọ̀dá ti dé nìyẹn. Òjò ọdún kan gbáko ní Los Angeles, bí a bá pín in dọ́gba, kì í pé 400 mìlímítà. Nítorí náà, ìgbà tí àgbẹ̀ wa ń gbé ọkọ́ sájà ni olùtọ́jú ọgbà ibẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ni àwọn méjèèjì ń dúró dè. Oṣù ló yàtọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a bá gbin ewéko yìí, kí a máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí gbòǹgbò lè wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ewé rẹ̀ bá ń rọ nínú ooru, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò dun ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ibẹ̀, nítorí àánú ni omi lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí igi óákù tó ń ṣíji bò ó. Bí ilẹ̀ bá gbóná, tí omi sì rin ín gbingbin, ó ń ta àwọn olú inú ilẹ̀ jí, àwọn ni wọ́n ń mú gbòǹgbò óákù jẹrà. Igi tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lè bá bẹ́ẹ̀ kú. Ewéko tí kò bèèrè omi lásìkò yẹn ló yẹ ìdí rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ka èyí sí ju àwọn òdòdó olómi tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Kí ẹ má sì gbá ewé óákù tó já sílẹ̀, bó ti wù kí ìgbálẹ̀ mọ́ wa lára tó. Òun ló ń bo ilẹ̀ kí ọ̀rinrin má tètè lọ.

Ní nǹkan bí Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún, òdòdó pupa rírẹ̀dòdò a yọ ní ìpele-ìpele lórí igi rẹ̀. Ẹyẹ hummingbird, tí kò sí ní Áfíríkà rárá, a dúró gbagidi nínú afẹ́fẹ́ láti fa oyin rẹ̀ mu. Abẹ́ ilẹ̀ ni ewéko náà ń gbà tàn kálẹ̀. Bó bá ti gba àyè jù, ẹ dúró dìgbà òjò, kí ẹ gé èyí tó ti ní gbòǹgbò, kí ẹ sì gbìn ín sí ìdí igi mìíràn.