Bí àwọn ológun Ìbàdàn ṣe ń gba ọmọ ẹ̀yìn mọ́ ara wọn lọ́wọ́

Ní Ìbàdàn ayé ogun, iye ènìyàn tó ń rọ́ tẹ̀ lé olóyè ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe tó. Àgọ́ ogun ni ìlú náà nígbà tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829, kò sì sí ìdílé kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọba jíjẹ. Lára àwọn ológun tó di olóyè ńlá níbẹ̀, Ìbíkúnlé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ògúnmọ́lá wá láti Fẹ̀sù nítòsí Ìwó, Látòósà wá láti Ìlọrà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí bàbá rẹ̀ fi oyè sílẹ̀ fún ní Ìbàdàn.

Àlejò tó bá wọ ìlú kì í dá dúró. Yóò wá ológun kan lọ, yóò sì fi ṣe babaogun. Babaogun a fún un ní ilẹ̀ tí yóò kọ́lé sí àti oko tí yóò ro. Bí ogun bá dé, a fún un ní ìbọn àti ẹ̀tù. Bí ọ̀ràn bá ká a mọ́, a bá a rojọ́. Òun náà a tẹ̀ lé babaogun lọ sójú ìjà, wọn a sì jọ pín ohun tó bá kó bọ̀.

Àdéhùn yìí kò ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Bí babaogun bá ń jẹ ìkógun mọ́ ọmọ ẹ̀yìn lẹ́nu, tàbí tó ń wò ó níran nígbà ìyà, ọmọ ẹ̀yìn a palẹ̀ ẹrù mọ́, a gba ilé olóyè mìíràn lọ. Nínú ìlú náà, láti Bẹẹrẹ dé Òkè Àrẹ kò tó ìrìn àárẹ̀. Ẹni tó gbà á kò ní í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: agbára tirẹ̀ pọ̀ sí i, ti ẹni tí wọ́n jọ ń du oyè sì dín kù.

Ahun kò lè pẹ́ nípò bẹ́ẹ̀. Àwọn olóyè ní oko ńláńlá tí ẹrú ń ro. Èrè oko náà ló ń bọ́ ilé, tó sì ń ra ìbọn àti ẹ̀tù tó ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú wọlé. Ẹrú tó bá láyà pàápàá lè di balógun nínú ilé olówó rẹ̀, kó ní ọmọ ogun tirẹ̀. Oyè ìlú náà ṣí sílẹ̀: bí ẹni iwájú bá kú, ẹni ẹ̀yìn a sún sókè, olóyè sì máa ń gbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ní Ìjàyè, ìlú tó ń bá Ìbàdàn du agbára, Kúrunmí tó jẹ́ olórí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Èyí nìkan kọ́ ló wó Ìjàyè ní 1862, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti mọ ìlú tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá orúkọ yóò yàn.

Ọ̀nà tó burú jù ni kí wọ́n gba ènìyàn inú ilé mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn olóyè títí gbèsè fi pọ̀. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní oṣù Èbìbí 1874. Lẹ́yìn náà wọ́n fi owó fa ọmọ tó gbà tọ́ mọ́ra, àwọn ẹrú Ìyálóde fúnra wọn ló sì já wọ yàrá rẹ̀ láti òkè àjà lóru, tí wọ́n pa á.

Ẹni tí ìlú bá kọ̀, wọn a kó ilé rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ a sì fọ́n ká sọ́dọ̀ àwọn tó borí. Ní 1877, nígbà tí àwọn olóyè dìde sí Ìyápọ̀, ọmọ Ìbíkúnlé, tó jogún agbo ńlá bàbá rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀. Àṣà ìgbà náà ni pé bí ẹni tí ìlú kọ̀ bá ti kú, wọn kò ní í kó ilé rẹ̀ mọ́.

Ní 1893 ni ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn ń bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, túká pátápátá, tí Ìbàdàn sì bọ́ sábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìkógun tán. Ilẹ̀, ẹjọ́ àti oyè ló kù tí olóyè lè fi mú ènìyàn dání, kí ìbò tó dé. Nígbà tí ìbò dé, ilé Lámídì Adédibú ní Mọ́lété, olóṣèlú Ìbàdàn tó kú ní 2008, di ibi tí èrò ti ń jẹ àmàlà lójoojúmọ́, tí àwọn tó ń du ipò gómìnà sì ń lọ kí i.